Ẹ Yé Ra Pẹ́dáàlì: Ìdáhùn fún Ọ̀dọ́ Onígìtá kan ní Àjàṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe ẹgbẹ́ olórin ní Tokpota níbí ní Àjàṣẹ́: gìtá méjì, béésì kan, onílù kan tó jẹ́ ọmọ Kétu. Èmi ni mo ń kọrin, mo sì ń ta gìtá. Greta Van Fleet àti Rival Sons la fẹ́ràn, torí orin wọn jọ orin rọ́ọ̀kì tí bàbá mi máa ń gbọ́ lórí rédíò láyé ọdún 1970 sí 1979. A ti ra pẹ́dáàlì mẹ́ta (ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà), kọ̀ǹpútà la sì fi ń gba orin wa sílẹ̀, síbẹ̀ kò dún bí tiwọn. Ó ń pariwo, àmọ́ kò lágbára. Kí ló kù tí ká rà? Bàbá mi tún ní kí n bi yín pé kí ló dé tí ọmọ Nàgó fi ń sá tẹ̀ lé orin òyìnbó àtijọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti gbọ́ orin méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì tún wọn gbọ́. Ẹ kú akitiyan. Oníbéésì yín mọ iṣẹ́, ẹ bá mi kí i. Ní ti rírà, kò sí nǹkan kan tó kù. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ yín ni, ǹ bá ní kí ẹ yọ méjì kúrò nínú pẹ́dáàlì mẹ́ta yẹn, kí ẹ tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àpọ̀jù ló ń ṣe orin yín. Nínú orin àkọ́kọ́, gìtá mẹ́rin ni mo gbọ́ lórí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin méjì péré lẹ ń ta á. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí èyí tó sinmi. Kọ̀ǹpútà ló sì lu ìlù yẹn, kì í ṣe ọmọ Kétu tí ẹ sọ. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó ń lu ìlù dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo àwọn tí ẹ ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Greta Van Fleet, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta àti ọ̀rẹ́ wọn kan láti ìlú kékeré Frankenmuth ní Michigan, onígìtá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Rival Sons ti Long Beach ní California, onígìtá kan ṣoṣo ni tàwọn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní méjì wá ń wá bí ẹ ó ṣe di mẹ́rin.

Ohùn tí ẹ ń wá yẹn, inú yàrá ló wà, láàárín àwọn ènìyàn tó jọ ń ta orin lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyẹn, àlàyé rẹ̀ ni yóò gùn.

Rédíò tí bàbá rẹ ń rántí ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní AM ló kọ́kọ́ jọba. FM, ìgbì kejì tí ohùn rẹ̀ mọ́ jù, wà, àmọ́ ohun tí AM bá ti sọ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ FM máa ń tún sọ. Ìjọba wọn wá ṣòfin pé FM tó wà ní ìlú ńlá kò gbọdọ̀ máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe àtúnsọ AM mọ́; òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí ni wọn ó fi dí i? Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ bá ń gbé àwo ńlá sórí ẹ̀rọ, wọ́n ń jẹ́ kí orin gígùn dún tán láìgé e. Led Zeppelin, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ England, ní orin ìṣẹ́jú mẹ́jọ kan nínú àwo wọn ti 1971. Wọn ò tà á ní àwo kékeré rárá ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ FM gbé e títí gbogbo ilẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Bí orin rédíò ṣe di orin tó lè fara balẹ̀ nìyẹn: ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo, kó pẹ́ kí ìlù tó wọlé.

Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Ní 1975, Bob Orban gbé Optimod 8000 jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ FM. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ohùn pọ̀ kó tó bọ́ sójú òfuurufú: èyí tó rẹlẹ̀ á gòkè, èyí tó ga jù á wálẹ̀, kí orin lè ròkè dọ́gba nínú mọ́tò. FM fúnra rẹ̀ kì í gbé ohùn tó kọjá 15 kHz, ìyẹn àwọn ohùn tó tín-ín-rín jù lọ. Bí ẹ bá ki orin tó kún bámúbámú sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di ẹrẹ̀. Èyí tó ní àyè nínú ni yóò jáde tán: ẹ ó gbọ́ ọ̀pá ìlù, ẹ ó gbọ́ èémí akọrin, ẹ ó gbọ́ ìka tó ń yọ́ lórí okùn gìtá. Níbí ńkọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè wá ní Dahomey? Rédíò kékeré oníbátìrì ni ọ̀pọ̀ ilé ní, ìgbì tó ń gbé ohùn wọlé láti Cotonou àti láti Nàìjíríà kò fẹ̀ tó FM. Ohùn àárín nìkan, èyí tí kò rinlẹ̀ bíi béésì, tí kò sì tín-ín-rín jù, ló ń dé etí bàbá rẹ, ohùn àárín yẹn náà ló ṣì ń wù ú.

Nítorí náà, ẹ gbé orin yín sórí fóònù, ẹ má fi nǹkan kan sétí, ẹ jẹ́ kó dún láti ẹnu fóònù lásán. Bí ẹ ò bá lè mọ ohun tí gìtá kejì ń ṣe, kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó yá, gìtá. Àwo àkọ́kọ́ Led Zeppelin, èyí tó jáde ní 1969, nǹkan bíi wákàtí 36 péré ni wọ́n lò ní sítúdíò fún un. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé gìtá Les Paul àti ampli Marshall (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) tó ga ju ènìyàn lọ ni Jimmy Page, onígìtá wọn, fi ṣe é. Rárá o. Gìtá Telecaster ni, ampli Supro kékeré ló sì so ó mọ́. Ampli alámpù kékeré (èyí tó ń fi gílóòbù ṣiṣẹ́ dípò tìránsístọ̀) tí wọ́n ṣí títí ara rẹ̀ fi gbóná, tí wọ́n gbé míkírò sẹ́yìn díẹ̀ sí i, máa ń tóbi létí ju ampli ńlá tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó rọra lọ. Ampli ti yín, bó tiẹ̀ jẹ́ ti tìránsístọ̀, ẹ lè bá a ṣe é.

Ṣe báyìí. Yí Gain, bọ́tìnì ara ampli tó ń mú kí ohùn gìtá gbóná, sílẹ̀ pátápátá. Ta kọ́ọ̀dù E, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o jẹ́ kó dún títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Yí Gain sókè díẹ̀, tún un ta. Máa bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí o ò bá ti lè dá okùn kọ̀ọ̀kan mọ̀ nínú kọ́ọ̀dù yẹn mọ́, o ti kọjá ibi tó yẹ. Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kó sì wà níbẹ̀. Bí ìwọ nìkan bá wà nínú yàrá, ó máa dà bíi pé kò gbóná tó. Jẹ́ kí béésì àti ìlù wọlé ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnì Volume tó wà lára gìtá rẹ ni kó di pẹ́dáàlì rẹ: 6 nígbà tí o bá ń kọrin, 10 nígbà tí ègbè bá dé. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí i láì dá orin dúró. Á kọ́kọ́ sú ọ. Fi sùúrù sí i, torí bí ohùn bá fúnra rẹ̀ gòkè láti ọwọ́ rẹ, ó yàtọ̀ sí kí ẹsẹ̀ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kí ariwo bẹ́.

Gìtá kejì kò gbọdọ̀ máa ta ohun tí ìwọ ń ta. Bí o bá wà nísàlẹ̀ ọrùn gìtá, kó lọ sókè. Bí o bá ń ta kọ́ọ̀dù, kó mú okùn méjì péré, tàbí kó káwọ́ lẹ́yìn títí wàá fi parí ìlà orin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí gìtá méjì lè ṣe láì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, Thin Lizzy ti Dublin ni kí ẹ lọ gbọ́, láti 1974 tí wọ́n ti di onígìtá méjì: orin kan náà lẹ́nu méjì, ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀, bí ẹni méjì tó jọ ń gbe orin ní agbo.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní Boston ńkọ́. Òótọ́ ni. Àwo àkọ́kọ́ Boston, 1976, Tom Scholz tó jẹ́ ẹnjiníà ní Polaroid ló dá ta ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Massachusetts, ó ń to gìtá lé gìtá lórí téèpù, àwo náà sì ti kọjá mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ní títà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo orin ìgbà yẹn ni wọ́n ta papọ̀, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ọkùnrin yẹn fi ọdún mélòó kan wà lórí orin díẹ̀, téèpù rẹ̀ sì ní ààyè tó níwọ̀n: kó tó fi gìtá míì kún un, ó gbọ́dọ̀ ti mọ iṣẹ́ tí gìtá yẹn fẹ́ ṣe. Kọ̀ǹpútà yín kò níwọ̀n, ìyẹn ló ń tàn yín jẹ. Ọ̀nà Boston ṣì wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ balẹ̀ lórí ti yàrá kan.

Ìlù ló kù, òun ló sì le jù. Ẹ pa ìlù kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́. Ẹ pa aago tó ń kà sí onílù létí náà. Bí ègbè bá dé, tí orin sì sáré díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sáré. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ará ìgbà yẹn ń ṣe. Kí ọmọ Kétu yín fi aṣọ kékeré kan lé ojú ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dín ìró tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀ kù, kó sì yọ ìlù tí kò lò kúrò níwájú. Míkírò méjì ti tó: ọ̀kan lókè orí rẹ̀, ọ̀kan níwájú ìlù ẹsẹ̀.

Níbo ni kó jókòó sí? Ní 1971, Led Zeppelin wà ní Headley Grange, ilé àtijọ́ kan ní gúúsù England. Andy Johns, ẹni tó ń gba orin wọn sílẹ̀, ní kí wọ́n gbé ìlù sí gbọ̀ngàn àbáwọlé, níbi tí àtẹ̀gùn wà, ó sì so míkírò méjì rọ̀ láti òkè àtẹ̀gùn. Ìlù orin tó kẹ́yìn nínú àwo wọn ti ọdún yẹn ni, àwọn ọmọ ayé sì ti ń jí i lò láti ìgbà náà. Ohun tó ya ìlù yẹn sọ́tọ̀ ni ilé. Ẹ̀yin wá wà ní Àjàṣẹ́! Ẹ fẹsẹ̀ rìn yí ìlú ká, ẹ wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti Bràsíìlì dé: àjà gíga, pákó nílẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń ké. Òmíràn ti ń wó, òmíràn ṣì ní onílé tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó mọ onílé, kó bá yín sọ̀rọ̀, ẹ mú obì dání, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò sí sítúdíò ní Cotonou tó lè ta irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, pálọ̀ tó ṣófo náà dára; ẹ sáà yẹra fún yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ pátá.

Bí ẹ bá ń rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ eléyìí. Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou, ẹgbẹ́ Mélomé Clément, ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò àwo kéékèèké, inú pálọ̀ onílé ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ téèpù Nagra tó ṣeé gbé rìn. Gbogbo wọn á pé jọ, wọ́n á ta á, ó parí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Albarika Store, wọ́n máa ń gbé e lọ sí sítúdíò EMI ní Èkó. Ẹ gbé oríṣi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ti Èkó mọ́ tónítóní, mi ò jiyàn, síbẹ̀ ti pálọ̀ ni mo máa ń tún gbé sí i: ohùn gìtá ti wọ inú míkírò ìlù, ohùn ìlù ti wọ inú ti akọrin, kò sí bí wọ́n ṣe lè yà wọ́n mọ́. Bí ẹnì kan bá ṣìṣe, gbogbo wọn ló máa tún un ṣe, nítorí náà wọn kì í ṣìṣe púpọ̀.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Greta Van Fleet gba Grammy ní 2019 fún àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù, ọwọ́ onígìtá wọn sì mọ́. Àmọ́ wọ́n súnmọ́ Led Zeppelin débi pé bí mo bá ń gbọ́ wọn, Led Zeppelin ni mò ń rò, n kì í rò wọ́n. Rival Sons ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Dave Cobb ló ń bá wọn ṣe àwo wọn, ẹ sì lè gbọ́ ọ pé ènìyàn ló wà nínú yàrá yẹn. Nígbà tí Black Sabbath ń ṣe ìrìn-àjò ìdágbére wọn ní 2016 sí 2017, Rival Sons ni wọ́n mú lọ láti máa ṣí eré fún wọn. Àgbà mọ ẹni tó lè dúró. Dirty Honey ti Los Angeles náà ṣe gudugudu méje: ní 2019, láì ní ilé iṣẹ́ àwo kankan lẹ́yìn, orin wọn gba ipò kìíní lórí àtẹ rọ́ọ̀kì Billboard, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Mo kàn fẹ́ kí orin wọn máa yà mí lẹ́nu ju báyìí lọ.

Ó wá ku ìbéèrè bàbá rẹ. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé rọ́ọ̀kì ìgbà ọ̀dọ́ wọn kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1971, Santana ta gìtá rẹ̀ ní Accra níwájú èrò rẹpẹtẹ, nínú eré ńlá tí wọ́n pè ní Soul to Soul. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, BLO jáde ní Èkó, ọmọ ilẹ̀ wa mẹ́ta tó ń ta rọ́ọ̀kì tó gbóná janjan, àwo wọn àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti 1973. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ofege ṣe tiwọn, ọmọ ilé ìwé St Gregory's ni wọ́n, wọn ò tíì jáde níléèwé. Lọ́dọ̀ wa, akọrin El Rego wà, Super Borgou wà ní Parakou, Les Sympathics sì wà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Orin wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé kí ilé iṣẹ́ àwo Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì àti Daptone ti New York tó tún tẹ̀ wọ́n jáde. Ó dùn mí pé àwọn ará Frankfurt ló ń tà wá lórin Àjàṣẹ́, àmọ́ a dúpẹ́ pé ẹnì kan tọ́jú ẹ̀.

Àwọn kan sì ti gbé e dìde láì lọ jìnnà. Star Feminine Band, àwọn ọmọbìnrin Natitingou, bẹ̀rẹ̀ ní 2016 nígbà tí àwọn kan nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Gìtá, béésì, píánò, ìlù. Waama, Ditammari àti Faransé wà lára èdè tí wọ́n fi ń kọrin, Born Bad Records ní Paris sì gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2020. Bí ẹ bá gbọ́ gìtá wọn, ẹ ó mọ̀ pé ohùn àárín tí mò ń sọ láti òwúrọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Led Zeppelin ni wọ́n ń sín jẹ.

Nítorí náà, ẹ mú ohun tó wà nílé. Onílù yín dàgbà sínú ìlù gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ má fi í sórí mẹ́rin-mẹ́rin gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí béésì gba ohun tí ìyá ìlù máa ń sọ, kí ìlù ẹsẹ̀ tẹ̀ lé béésì, kí gìtá wá dúró lórí wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tó ṣófo. Poly-Rythmo ti ṣe é pẹ̀lú ìlù ìbílẹ̀ sátò, akọrin Sagbohan Danialou sì ti mú ìlù ìbílẹ̀ kaka wọ orin ìgbàlódé ṣáájú kí wọ́n tó bí yín.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wá ohùn orin. Nínú orin kejì yín, ohùn ń fò sókè ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan bí ti àwọn akọrin rọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ sì ń wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ègbè yẹn kí n tó mọ ohun tí ò ń wí. Sọ ìlà náà lẹ́nu lásán, jẹ́ kí ìkejì rẹ fi gìtá mú un bí onídùndún ṣe ń mú ọ̀rọ̀, ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni orin yín. Ó bọ́ sí i pé àwọn ìlà gìtá rọ́ọ̀kì náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè kó rọra sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ wa sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ ké, ké sórí ọ̀rọ̀ tó ní ohùn òkè. Wọn ò ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́ kù, torí mo mọ̀ pé ẹ ṣì máa ra nǹkan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ampli alámpù tòkunbọ̀ fún yín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Bí wọ́n bá kọ 120 V síbẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná tiwa sì jẹ́ 220 V; ẹ kì í bọ́ ọ mọ́ ògiri láìsí tìránsífọ́mà, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ti Faransé tàbí ti England ni kí ẹ wá. Kí ẹ tún ra okùn gìtá tuntun, torí èyí tó wà lórí gìtá kejì yín ti kú, mo gbọ́ ọ.